Àdìrẹ Ìbàdàndún Lórí Tábìlì Ayàwòrán: Ṣé Ó Tó Owó Rẹ̀?

Ẹni tó bá ń wá ọnà tuntun láti yà sábà máa ń ra ìwé tó kún fún ewé, ẹyẹ àti ẹranko, á sì máa dà wọ́n kọ. Ìwé náà á tán, ọwọ́ á ti mọ ewé yà dáadáa, síbẹ̀ àwòrán tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an kò ní tíì jáde. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ (èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya ọnà sí kí wọ́n tó rì í bọ aró) kan ṣoṣo tí wọ́n fi ọwọ́ yà, ìyẹn Ìbàdàndún, ṣiṣẹ́ ju irú ìwé bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá lọ fún ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ayàwòrán ni a ní lọ́kàn nínú àyẹ̀wò yìí, ẹni tó fẹ́ fi aṣọ náà rán bùbá lè fò ó. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni ohun tí aṣọ yìí ń kọ́ni nípa ètò ọnà, bí a ṣe lè gbé ètò yẹn kúrò lára aṣọ bọ́ sórí bébà, àti ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. A gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì mìíràn: Ọlọ́ba, ìyẹn àdìrẹ tí wọ́n fi páànù gígé ṣe, àti aṣọ ilé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sí lára.

Ìró kan tó jẹ́ abala méjì ni ẹ ó gbà lọ́wọ́ aládìrẹ. Abala kọ̀ọ̀kan gùn tó yáàdì 2½, ó fẹ̀ tó ínǹṣì 36. Wọ́n rán méjèèjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo rẹ̀ wá fẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 183, ó sì gùn ní nǹkan bíi 229. Kó jẹ́ òwú pọ́nńbélé, torí tí pọ́líẹ́sítà bá pọ̀ nínú rẹ̀, èlú kò ní mu ún, àwọ̀ tó ṣú náà á sì rí bí ẹni pé eruku bò ó. Ẹ tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀, kí ẹ fi ìka tọ ojú rírán tó gba àárín rẹ̀ kọjá. Ìlà tó wá láti apá òsì kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èyí tó wà lápá ọ̀tún pàdé. Ó lè fi ìka kan yẹ̀, ó lè fi méjì. Ẹlòmíì tó ń tà á máa ń bẹ̀bẹ̀ nítorí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé kò sí ẹ̀bẹ̀ kankan níbẹ̀. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ya abala méjèèjì, ojú ni wọ́n sì fi wọ̀n wọ́n. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí aṣọ náà ní fún ayàwòrán nìyẹn: apá méjì lè wọn ara wọn dọ́gba láìjẹ́ ìbejì tó jọra délẹ̀. Ojú ń sinmi sí i, ṣùgbọ́n kì í sùn.

Ká tó lè mọ ìdí tí ìlà rẹ̀ fi rí bó ṣe rí, ó yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Láfún ni wọ́n fi ń se ẹ̀kọ náà, wọ́n ń fi álọ́ọ̀mù sí i kó lè dúró nínú aró. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n ń tì bọ ẹ̀kọ yìí láti fi yàwòrán, ojú kan aṣọ ṣoṣo ni wọ́n sì ń yà. Tó bá gbẹ, ó di ọ̀dọ̀ aláró. Ewé èlú tí wọ́n ti gún, tí wọ́n ti mọ roboto, tí wọ́n sì ti sá gbẹ ni wọ́n rẹ sínú omi eérú títí ó fi kan. Wọ́n á ri aṣọ bọ ìkòkò, wọ́n á fà á yọ, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, àwọ̀ ewé tó kọ́kọ́ hàn á yí padà di àwọ̀ aró. Wọ́n á tún rì í, títí yóò fi ṣú tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Ẹ̀yìn aṣọ kò ní ẹ̀kọ, nítorí náà aró ń gba ẹ̀yìn yọ́ wọ abẹ́ ẹ̀kọ díẹ̀díẹ̀. Ìdí rèé tí ìlà Ìbàdàndún kì í fi í funfun báláú. Búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni, lórí búlúù tó ṣú débi pé ó fẹ́ di dúdú, pẹ̀lú ibi kéékèèké tí ẹ̀kọ ti là tí aró fi ráyè wọlé bí irun orí. Ẹni tó bá fi tádàwà dúdú ya aṣọ yìí sórí bébà funfun ti pàdánù ìpele àárín kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sún mọ́ ibi tí orúkọ aṣọ náà dúró lé. Ìbàdàndún, Ìbàdàn dùn. Ibi kan wà lára rẹ̀ tí ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n máa ń wá: òpó gbọ̀ngàn Mápó, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929 lórí òkè Mápó ní Ìbàdàn, ló tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ṣíbí sì wà láàárín òpó kan sí èkejì. Òpó, ṣíbí, òpó, ṣíbí. Ilé ìjọba àti ilé ìdáná dúró lórí ìlà kan náà, nílé Olúyọ̀lé níbẹ̀! Ẹ mú rúlà, ẹ wọ̀n wọ́n. Òpó àti ṣíbí ga bákan náà. Òpó nípọn, ó sì gún régé látòkè délẹ̀. Ṣíbí tẹ́ẹ́rẹ́ ní ọrùn, ó wú ní orí kan. Níbi tí ṣíbí ti wú, àlàfo tó wà láàárín òun àti òpó há. Níbi tó ti tẹ́ẹ́rẹ́, àlàfo náà ṣí. Ẹ wá gbójú kúrò lára ìlà, kí ẹ tẹjú mọ́ àwọ̀ tó ṣú tó wà láàárín nìkan. Òun náà ti di àwòrán: òkè rẹ̀ há, ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, bí ìgò tó dúró. Ìgò yìí náà tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ya ìgò. Ohun mẹ́ta ló parapọ̀ síbi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwítúnwí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sú ojú torí pé nǹkan méjì ló ń gba ipò fún ara wọn. Ìyàtọ̀ wà láàárín ohun tó nípọn àti ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́. Àlàfo náà kò sì jókòó lásán, ó ń ṣiṣẹ́.

Báyìí ni a ṣe ń gbé e bọ́ sórí bébà. Ẹ fi aṣọ kọ́ ògiri, kí ẹ dúró ní mítà 3 sí i, kí ẹ di ojú dé ìdajì. Ewé, ẹyẹ, ejò àti àkéekèé á pòórá, ìlà tó pín aṣọ sí onígun mẹ́rin nìkan ló máa kù. Ìlà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yà, pẹ̀lú pẹ́ńsù líle (2H dára), kí sẹ̀ǹtímítà 1 lórí bébà dúró fún 10 lára aṣọ. Odindi ìró á wá jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 18 sí 23, ó wọ bébà A4, àyè sì kù létí tí ẹ lè kọ nǹkan sí. Ẹ ka iye onígun mẹ́rin tó wà ní ìbú àti ní òòró. Ẹ má ṣe fojú fo ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí etí aṣọ ká, òun ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi nọ́ńbà sínú onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan: 1 fún èyí tí ọnà inú rẹ̀ ṣù pọ̀, 2 fún ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, 3 fún èyí tó ṣí sílẹ̀. Lára aṣọ tí ọwọ́ ẹni tó yà á dá múṣémúṣé, ẹ ó rí i pé 1 kò kóra jọ sí igun kan. Ojú ń fò láti 1 kan sí òmíràn bí ẹni ń fẹsẹ̀ gba orí òkúta kọjá odò. Bébà tó kún fún nọ́ńbà yìí wúlò ju fọ́tò aṣọ náà lọ.

Ẹ wá mú onígun mẹ́rin kan ṣoṣo, kí ẹ yà á nígbà mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10 nígbà kọ̀ọ̀kan. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ ya ìlà ìta àwọn nǹkan inú rẹ̀ nìkan. Nígbà kejì, ẹ kun àlàfo ṣókí láìfa ìlà kankan, kí àwòrán fúnra rẹ̀ yọ jáde láti inú òkùnkùn. Nígbà kẹta, ọfà nìkan: níbo ni ìlà ń tọ́ka sí, níbo ni ojú ń gbà jáde? Nígbà kẹrin, ẹ wo bí ìlà ṣe nípọn tó. Ìyẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ ẹ̀kọ ń fa ìlà tó sanra, bí ẹ̀kọ ṣe ń tán ni ìlà ń rù, ẹ ó sì rí ibi tí wọ́n ti tún ìyẹ́ bọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú 15 tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà kejì ló máa ń ni ènìyàn lára jù, òun náà ló sì ń kọ́ni jù.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tó ya ayàwòrán sọ́tọ̀ kúrò lára adàwékọ. Ẹ kọ òfin onígun mẹ́rin náà sílẹ̀ ní gbólóhùn kan láìdárúkọ ohunkóhun tó wà nínú rẹ̀. Fún òpó àti ṣíbí, ó lè lọ báyìí: nǹkan méjì tó ga bákan náà ń gba ipò fún ara wọn, ọ̀kan gún, èkejì wú ní orí kan, àlàfo àárín wọn kò sì gbọdọ̀ fẹ̀ ju èyí tó nípọn lọ. Tí ọ̀rọ̀ náà "òpó" tàbí "ṣíbí" bá ti já wọ inú gbólóhùn yín, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tún un kọ. Ẹ wá ká aṣọ kúrò nílẹ̀, kí ẹ kó o sí yàrá mìíràn. Òfin nìkan ni kó kù lórí tábìlì.

Ẹ wá nǹkan méjì láti àyíká yín tó lè gba òfin yẹn. Ẹ jẹ́ ká mú òpó iná àti ọmọ odó. Òpó iná gún, ó nípọn, ó yẹ. Ọmọ odó wú ní ìdí, ó yẹ. Ṣùgbọ́n òpó iná ní irin tó dábùú lórí rẹ̀, irin yẹn sì fẹ́ gba àyè aládùúgbò. Tí ẹ bá dá ọmọ odó dúró kí ibi tó wú wà lókè, méjèèjì á kọlura, òkè àwòrán á wúwo, ìsàlẹ̀ á ṣófo. Ẹ dojú ibi tó wú kọ ilẹ̀. Àlàfo á wá há lókè nítorí irin, á fẹ̀ láàárín, á tún há nísàlẹ̀ nítorí ìdí ọmọ odó. Ó ti jọ àgbá báyìí, kì í ṣe ìgò mọ́. Àwòrán yẹn kò sí lára Ìbàdàndún, kò sì sí lára aṣọ ẹnikẹ́ni. Ibi tí ohun tuntun kò ti fẹ́ gba òfin àtijọ́ gan-an ni ọnà tuntun ti ń yọjú, nítorí náà ẹ má sá fún ibi tó bá le. Ẹ ya kéékèèké mẹ́fà ó kéré tán, sẹ̀ǹtímítà 5 sí 5, kí ẹ tó mú ọ̀kan tóbi. Méjì àkọ́kọ́ á ṣì jọ aṣọ. Láti ẹ̀kẹta lọ ni ọwọ́ yín á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Àwọn ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́ kò ṣòro í mọ̀. Bébà funfun ni àkọ́kọ́. Ìlà tó mọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ṣú ni àdìrẹ, tí ẹ bá sì ń fi dúdú ya funfun, ọwọ́ á máa fẹ́ fi òjìji sí ara nǹkan, ẹ̀mí aṣọ náà á sì kúrò níbẹ̀. Ẹ ra bébà aláwọ̀ aró tó ṣú, pẹ̀lú pẹ́ńsù funfun fún ìdánwò, àti ọ̀dà funfun tí ẹ fi búlúù díẹ̀ pò fún èyí tó máa dúró. Bọ́rọ́ọ̀ṣì nọ́ńbà 2 tàbí 3 ló sún mọ́ ìyẹ́ jù. Bírò lè fa ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n kò lè sanra kó sì tún rù lójú kan. Rúlà náà ní ààlà tirẹ̀: ó dára fún ìlà tó pín bébà, ṣùgbọ́n tó bá wọ inú onígun mẹ́rin, gbogbo nǹkan á le gbagidi. Fóònù ń ṣini lọ́nà gan-an. Tí ẹ bá sún mọ́ aṣọ ya fọ́tò, ìlà etí á tẹ̀ síta bí ikùn ìkòkò. Ẹ sún sẹ́yìn tó mítà 2, kí ẹ fi súùmù fà á wá, kí ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ kù lójú fóònù, torí ó máa ń fẹ́ sọ àwọ̀ tó ṣú di eérú. Àṣìṣe tó kù ni kíkún gbogbo onígun mẹ́rin bákan náà. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti pa 3 rẹ̀ run, ojú kò sì ní ríbi sinmi sí.

Ọlọ́ba ńkọ́? Òun ni aṣọ tó jáde fún ayẹyẹ ọdún 25 tí Ọba George Karùn-ún ti Gẹ̀ẹ́sì lò lórí ìtẹ́, ní 1935, òun àti Ayaba Mary ló sì wà láàárín rẹ̀. Páànù ni àwọn ọkùnrin ń gé fún irú àdìrẹ yìí ní Abẹ́òkúta, wọ́n á gbé e lé aṣọ, wọ́n á sì fa ẹ̀kọ kọjá lórí rẹ̀. Ìlànà tó ń kọ́ni yàtọ̀ pátápátá. Ibi kan ṣoṣo ni ojú kọ́kọ́ ń bà, gbogbo ohun tó kù sì ń tẹrí ba fún un. Ó tún ń kọ́ni ní ohun kan tí ìyẹ́ kò lè kọ́ni: páànù kò gba òrùka tó pa dé, torí àárín rẹ̀ á já bọ́. Afárá kékeré gbọ́dọ̀ so inú mọ́ ìta, ẹni tó mọṣẹ́ sì máa ń fi afárá yẹn ṣe ọnà, á sọ ọ́ di iṣan ewé tàbí ìdè ọrùn ẹyẹ. Ẹ lè dán an wò pẹ̀lú páálí àti abẹ tó mú. Kí afárá má dín ní mílímítà 3, torí èyí tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ á fà ya bí ẹ̀kọ bá ti rin ín. Fún ẹni tó fẹ́ ya àmì ilé iṣẹ́ tàbí àwòrán ara tíṣáàtì, Ọlọ́ba lè wúlò ju Ìbàdàndún lọ. Fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ọwọ́ àti ojú, kò tó o, nítorí pé páànù kan náà ni wọ́n ń gbé kiri, ohun tó bá wí lẹ́ẹ̀kan ló ń tún wí.

Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ni kí ẹ má náwó lé fún iṣẹ́ yìí, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ó lè dára lára. Àmọ́ àwòrán tó wà lára rẹ̀ ti kú kó tó dé ọwọ́ yín: ìlà rẹ̀ kò rù, kò sanra, ìpele àwọ̀ àárín rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo. Bí ẹ ó ṣe dá a mọ̀ ni pé kí ẹ wá àṣìṣe kan lára rẹ̀, bóyá tó-tò-tó kan tó fò, tàbí ìlà tó ṣẹ́, kí ẹ wá wò ó bóyá ìkejì irú rẹ̀ gan-an wà níwájú. Tó bá wà, ẹ̀rọ ni. Àwọn kan máa ń fi aṣọ funfun tútù nù ún láti mọ̀ bóyá aró máa ràn mọ́ ọn. Ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí, torí ọ̀pọ̀ aró olóòórùn líle tí kì í ṣe èlú náà ń ṣí. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò pẹ̀lú: ẹ̀yìn àdìrẹ gidi ṣú, òjìji ọnà nìkan ló hàn níbẹ̀, nígbà tí ẹ̀yìn aṣọ ẹ̀rọ sábà máa ń ṣá.

Lọ́jà, ẹ béèrè orúkọ ọnà kí ẹ tó béèrè iye. Aládìrẹ tó lè sọ fún yín pé Ìbàdàndún nìyí, Sùnbẹ̀bẹ̀ nìyẹn, tó sì lè fi òpó Mápó hàn yín, ló ṣeé ṣe kó mọ ọwọ́ tó yà á. Ìtòkú ní Abẹ́òkúta kún fún aṣọ, ṣùgbọ́n páànù àti ìda ló pọ̀ níbẹ̀ ju ìyẹ́ lọ, ẹ fara balẹ̀ tú u. Ẹni tó kàn fẹ́ wo tó jinlẹ̀ kó tó rà lè lọ sí ibi ìpàtẹ ayàwòrán aládìrẹ Nike Davies-Okundaye ní Lẹ́kì tàbí Òṣogbo, ẹni tó sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè wádìí lọ́wọ́ British Museum, torí àdìrẹ wà nínú àkójọ wọn.

Àléébù Ìbàdàndún wà, a kò ní fi pamọ́. Kò ní nǹkan kan láti kọ́ni nípa kí àwọ̀ púpọ̀ máa gbé ara wọn, ẹni tó bá fẹ́ ìyẹn á wá a síbòmíràn. Kò ní jíjìn: ohun tó wà níwájú àti ohun tó wà lẹ́yìn tóbi bákan náà. Tí ẹ̀kọ kò bá jinná dáadáa, aró á ti já wọ inú ìlà, etí ọnà á sì ṣàn, irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé wọ̀n. Ẹ ká a roboto, ẹ má ṣẹ́ ẹ po, torí ibi tí ẹ bá ti ń ṣẹ́ ẹ po ni aró á ti kọ́kọ́ ṣá, ìlà tí ẹnikẹ́ni kò yà á sì wọ inú àwòrán yín. Omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, lóun nìkan, kí ẹ sá a sábẹ́ òjìji.

Owó tí wọ́n ń bèèrè fún èyí tí wọ́n fi ọwọ́ yà ga, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí ọjọ́ púpọ̀ ló wà lára rẹ̀. Ẹni tí kò bá ká odindi ìró lè bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáwó, kí wọ́n tú ojú rírán àárín, kí oníkálukú mú abala kan lọ sílé. Òpó, ṣíbí àti ìlà tó pín aṣọ wà lára abala kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ya ètò odindi, kí wọ́n tún tẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ìlà tí kò bára mu ní àárín lè wọ inú àwòrán pẹ̀lú.